Ara Wa Ni Ojú Owó, Ẹ Má Jẹ́ Ká Ná An Tán

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ara gan-an ló sì délẹ̀ yìí.

Àwa márùn-ún la jọ jókòó tira wa ní ìlà ata. Ó pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Àwa mẹ́rin la ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì karùn-ún wa ṣubú lórí àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, láàárín ọjà, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. A ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ojú àwọn tó kù lè là.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí ló ti máa ń wà létí títì, tó ń dúró de ọkọ̀ ata àti tòmátì tó ń bọ̀ láti òkè Ọya. Aago mẹ́jọ alẹ́ ló ń palẹ̀ mọ́. Tó bá délé, yóò tún dáná, yóò wo iṣẹ́ ilé ìwé àwọn ọmọ, yóò ṣírò owó àjọ, kó tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó tó oṣù méjì kó tó ṣubú tó ti ń sọ fún wa pé orí ń fọ́ òun, pé ojú òun ń ṣú. Kí la ṣe? A rán ọmọ lọ ra oògùn orí fífọ́. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ máa ń bù lára tirẹ̀ fún un. Nígbà tó bá gbé e mì tán, tó sì tún dìde tó ń wọn ata, a ó bú sẹ́rìn-ín, a ó máa kì í: "Obìnrin bí ọkùnrin! Ìyá yìí ò mọ̀ pé ó ń rẹ èèyàn!" Inú rẹ̀ máa ń dùn. Inú tiwa náà máa ń dùn.

Ọjọ́ tó ṣubú yẹn, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí apá kan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣe é gbé, ohun tó ń sọ kò yéni. Ẹnì kan ní wọ́n ti sọ nǹkan sí i. Ẹnì kan ní ká bu omi fún un mu. Ẹnì kan ní ká kọ́kọ́ pe wòlíì, ẹlòmíràn ní ká pe àfáà. Kí a tó fẹnu kò pé ilé ìwòsàn ló yẹ ká gbé e lọ, ó ti lé ní wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, pé ẹ̀jẹ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ru. Kò sígbà kankan tí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò fún un rí.

Kì í ṣe ata ló gbé e ṣubú. Àárẹ̀ tí a ń pè ní akin ni. Àwa tí a sì ń yìn ín wà lára àwọn tó tì í.

Ojú owó la ń jẹ

Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ yìí tí kò mọ òfin kìn-ín-ní nínú òwò: a kì í jẹ ojú owó. Èrè la máa ń jẹ. Bí èèyàn bá ra ọjà ₦20,000, tó sì tà á ní ₦23,000, inú ₦3,000 yẹn ni owó ọbẹ̀, owó ọkọ̀ àti owó àjọ wà. Ẹni tó bá ti ń fọwọ́ kan ₦20,000, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa gba ọjà àwìn, lẹ́yìn náà ìsọ̀ á ṣófo. Bí a bá rí ọmọ wa tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, a kì í dákẹ́, a máa ń bá a wí.

Ṣùgbọ́n ojú owó kan wà tó ṣáájú náírà. Ẹsẹ̀ tó ń gbé wa wá sọ́jà, ọ̀fun tí a fi ń polówó, ojú tí a fi ń dá ayédèrú owó mọ̀, ọpọlọ tí a fi ń ṣírò ṣéńjì, ẹ̀yìn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀: ojú owó ni gbogbo wọn. Bí ọjà bá jóná, ẹgbẹ́ lè dáwó fún ẹni tó kàn, kó tún ti ìdí bẹ̀rẹ̀. Bí ara bá bàjẹ́ ńkọ́? Ta ló fẹ́ yá wa ní òmíràn?

Ara náà ní èrè tirẹ̀. Bí a bá sùn dáadáa, tí a jẹ oúnjẹ tó ṣara lóore, agbára tí a bá lára wa láàárọ̀, èrè ni. Ó tọ́ ká ná an. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje, ó kéré tán, lálẹ́ kan. Mélòó nínú wa ló ń sun márùn-ún? Bí a bá sun mẹ́ta, tí a wá fi ìyẹn ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rìndínlógún, ojú owó la ń jẹ yẹn. A ò ní mọ̀ lọ́jọ́ kan. A lè má mọ̀ lọ́dún kan. Bó ṣe ń tán lọ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, bí iyọ̀ tí omi ń jò sí.

A ò sọ pé ká jókòó sílé o. Kò sẹ́ni tí ò mọ bí ìlú ṣe rí. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti lọ, owó ọkọ̀ gun òkè, owó ọjà sì tẹ̀ lé e. Àwọn kan nínú wa ti ń fẹsẹ̀ rìn wá sọ́jà kí wọ́n lè fi owó ọkọ̀ ra gaàrí. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. A mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a ò fi ní wàásù. Ọgbọ́n la fẹ́ jọ dá.

Agbára àyálò

Kí la máa ń ṣe bó bá rẹ̀ wá? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. A máa ń yá agbára.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni oògùn ara ríro. Ẹ̀yìn ń dùn wá, a gbé méjì mì. Ó di alẹ́, a tún gbé méjì mì. Ó di àṣà, ó di oúnjẹ. Àwọn oògùn bí ibuprofen àti diclofenac wúlò fún ọjọ́ díẹ̀, bí dókítà tàbí apòògùn bá ní ká lò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ wọ́n di ojoojúmọ́, wọ́n lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ru. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru láìmọ̀, tó sì ń fi oògùn tì í sókè sí i láìmọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ohun mímu inú agolo tí wọ́n ń polówó pé ó ń fúnni lágbára. Agbára kọ́ ló wà níbẹ̀. Káféènì àti ṣúgà ni. Káféènì máa ń lé oorun kúrò lójú, ṣùgbọ́n kì í san gbèsè oorun. Agbára ọ̀la ló ń yá wa lónìí, ẹ̀lé sì wà lórí ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, oorun kò ní wá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àárẹ̀ á ti di méjì, a ó tún ra agolo mìíràn. Àbí ẹ ò mọ ẹni tó ń yáwó san owó tó yá?

Ọ̀nà kẹta ni paraga àti àwọn àgbo tí wọ́n fi ọtí líle pò. A ò bú àgbo o. Àgbo la fi tọ́ wa dàgbà, àwọn lẹ́kúlẹ́jà sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ọtí kì í ṣe ewé. Ẹni tó bá ń mu ọtí láàárọ̀ kó tó lè gbé apẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ yẹn á gbé e ṣubú lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá sì ń mu àgbo, tí ẹ tún ń lo oògùn òyìnbó, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà. Ẹ sọ fún un, kó lè mọ èyí tí kò bá èkejì mu.

Ọ̀nà kẹrin ni pé gbogbo àárẹ̀ la máa ń pè ní ibà. Ó rẹ̀ wá, a ra oògùn ibà. Ó tún rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ kejì, a tún rà á. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà. Ìka ni wọ́n máa gún, èsì rẹ̀ kì í gbà tó wákàtí kan. Àárẹ̀ tí kò bá lọ bọ̀rọ̀ lè jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ, ó lè jẹ́ àìsùn, ó sì lè jẹ́ ìrònú. Oògùn ibà kò lè wo ìkankan nínú wọn.

Ká sì tún wo ọ̀rọ̀ omi. Ṣé ẹ ti kíyè sí i pé púpọ̀ nínú wa kì í mu omi láti àárọ̀? Kì í ṣe pé òùngbẹ ò gbẹ wá. Ibi tí a máa tọ̀ sí ló ń bà wá lẹ́rù. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà, a ń sanwó níbẹ̀, ó sì dọ̀tí. Nítorí náà, a ó jókòó sínú oòrùn, ọ̀fun á gbẹ, orí á máa fọ́, a ó tún gbé oògùn orí fífọ́ mì, nígbà tó jẹ́ pé omi ọ̀rá méjì ni ara ń tọrọ.

Oúnjẹ ńkọ́? Àwa tí a ń ta ẹ̀fọ́, ẹja, ẹ̀wà àti ẹyin, kí la ń jẹ? Búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò, ní aago méjì ọ̀sán. Èyí tó dára a tà á fún ọmọ ẹlòmíràn, èyí tó ti fẹ́ rà la gbé relé.

"Ta ló máa bá mi tà á?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹnì karùn-ún wa sílẹ̀ nílé ìwòsàn, dókítà, ọmọdébìnrin kan tó níwà, sọ fún un pé: "Mà, ẹ lọ máa sinmi dáadáa o." Ó wo dókítà, ó wò wá. Ọ̀rọ̀ kò tíì já geere lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní: "Ta ló máa bá mi tà á?"

Ìbéèrè yẹn ni kókó. Gbogbo ìmọ̀ràn ìlera tí wọ́n ń fún wa, ẹsẹ̀ ìbéèrè yẹn ló ń kú sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún. Tiwa, bí a bá sinmi, ìsọ̀ á wà ní títì. Bí ìsọ̀ bá wà ní títì, kò sí ọbẹ̀ alẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló sì wà nínú owó "gbọ́múléláńtà". Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà á, ọjà ìbáà tà, ìbáà má tà. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbowó kò lè sùn, kódà bí ẹ tẹ́ tìmùtìmù fún un. Àárẹ̀ ọkàn nìyẹn, ó sì ń jẹ ara ju àárẹ̀ ẹrù lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún obìnrin ọjà pé kó lọ sinmi, tí kò sọ ẹni tó máa dúró sí ìsọ̀ rẹ̀, kò tíì sọ nǹkan kan.

Àwa mẹ́rin gbé ìbéèrè náà délé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, a pinnu pé ìsọ̀ rẹ̀ ò ní ṣófo. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ girama ló ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Àwa ń ra ata tirẹ̀ mọ́ tiwa láàárọ̀, a sì ń gba ìsọ̀ rẹ̀ dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́, a ó ka owó, a ó kọ ọ́ sínú ìwé, a ó gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko la fi ṣe é. Ọjà ẹnikẹ́ni nínú wa kò bàjẹ́. Owó oògùn ń wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni ọ̀kan nínú wa sọ ọ̀rọ̀ kan tó pa àwa yòókù lẹ́nu mọ́. Ó ní: "Ohun tí a lè ṣe fún un lẹ́yìn tó ṣubú yìí, kí ló dé tí a ò ṣe é kó tó ṣubú?"

Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀ nínú wa.

Kì í ṣe ohun tuntun

Púpọ̀ nínú ọjà tí àwọn ìyá ńlá wa ná kì í ṣe ọjà ojoojúmọ́. Ọjà ọrún-ọrún ni, àwọn mìíràn jẹ́ ìsán-ìsán. Bí wọ́n bá ná an lónìí, tí a bá ka òní mọ́ ọn, ó di ọjọ́ karùn-ún kó tó tún pé. Àwọn ọjọ́ tó wà láàárín kì í ṣe ọjọ́ ìmẹ́lẹ́ o. Wọ́n ń lọ oko, wọ́n ń fọ́ èkùrọ́, àwọn mìíràn ń ná ọjà ìlú kejì. Ṣùgbọ́n ọjà náà ní ìgbà tó ń mí. Tiwa kò mí mọ́. Ọjọ́ Ìsinmi pàápàá, ẹlòmíràn á ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àṣálátù bọ́ sí ìsọ̀.

Àwọn aṣáájú wa kò sì dá nǹkan ṣe. Madam Alímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, tó ṣáájú àwọn obìnrin ọjà ní Èkó títí tó fi kú ní 1951, kò dá nìkan kojú ìjọba òyìnbó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí wọ́n fẹ́ máa bá àwọn obìnrin dá iye tí wọ́n ó ta gaàrí. Ní Abẹ́òkúta ní 1947, nígbà tí Arábìnrin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ń bá ọ̀rọ̀ owó orí jà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló jókòó síwájú ààfin tọ̀sán tòru. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún sáà kan. A máa ń fi ìtàn yìí yangàn nígbà ayẹyẹ, ṣùgbọ́n a máa ń gbàgbé ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó le bí irin. Wọ́n pọ̀ ni, wọ́n sì fẹ̀yìn tira wọn. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Àjọ ọjọ́

Gbogbo wa la mọ àjọ owó. Ẹni márùn-ún á dá, ẹnì kan á kó; bó bá yí po, kálukú á ti kó tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàdánù. Àbá wa ni pé ká máa dá ọjọ́ bí a ṣe ń dá owó.

Bí àwa ṣe ń ṣe é nìyí. Ọmọ ẹnì karùn-ún wa ti wá sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀ báyìí, a tún ti pé márùn-ún. Láti Mọ́ńdè títí dé Fúráídè jẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Kálukú ní ọjọ́ kan tirẹ̀. Lọ́jọ́ tirẹ̀, kò ní wá sọ́jà rárá. Àwa mẹ́rin tó kù á pín ìsọ̀ rẹ̀ mójútó, ẹni méjì láàárọ̀, ẹni méjì lọ́sàn-án. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, yóò ka ọjà rẹ̀, yóò kọ iye tó ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kékeré. Ní alẹ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, a ó ka èyí tó kù, a ó ka owó, ẹni méjì á fọwọ́ sí i. Sátidé, gbogbo wa la ń wà lọ́jà, torí ọjọ́ òwò ni.

Ẹ má rò pé kò sí wàhálà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ₦1,500 dín nínú owó ẹnì kan, ọ̀rọ̀ fẹ́ di ariwo. Ìgbà tí a wádìí la rí i pé àwìn la tà tí a ò kọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà la ti ṣòfin: lọ́jọ́ ìsinmi ẹni, a kì í ta àwìn ní ìsọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, oníbàárà kan ní òun ò ní ra ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó bínú lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá.

A ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ: "Mi ò lè fi ọjà mi sílẹ̀ fún èèyàn, ayé ti bàjẹ́." Òótọ́ ni, ayé ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ń kó owó àjọ oṣù mẹ́fà fún, ṣé kò tó ẹni tí ẹ lè fi apẹ̀rẹ̀ ata sílẹ̀ fún lọ́jọ́ kan? Bí kò bá tó, ẹ wá ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni márùn-ún yan ara wọn, kí ẹgbẹ́ má ṣe yàn fún wọn. Ẹ̀yin aláṣọ àti ẹ̀yin tí ọjà yín wọ́n, ẹ lè fi ààbọ̀ ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ ná.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tó pa wá lẹ́rìn-ín, tó tún dùn wá. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹni tó kọ́kọ́ sinmi padà wá sọ́jà lọ́jọ́ kejì, ó rẹ̀ ẹ́ ju àwa tí a wà lọ́jà lọ. A bi í léèrè. Ó ní òun fọ aṣọ gbogbo ilé, òun gúnyán, òun lọ kí àna, òun sì lọ ìpàdé. Ṣé ìsinmi nìyẹn? Ẹ̀yin ọkọ wa àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ bá ka ìwé yìí, a bẹ̀ yín: ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè fún iṣẹ́ ilé. Ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ gbọ́únjẹ fún un. Àwa náà, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń sọ pé "rárá". Kì í ṣe gbogbo aṣọ ẹbí la gbọ́dọ̀ rà, kì í ṣe gbogbo òwàńbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí ojú wa, kì í sì í ṣe gbogbo àìsùn la gbọ́dọ̀ lọ. Ọlọ́run tó dá ọ̀sán náà ló dá òru.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe

Níbi ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, a ó gbé nǹkan mẹ́ta síwájú Ìyálọ́jà àti àwọn ìgbìmọ̀.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí nọ́ọ̀sì kan máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù ká tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Kí kálukú jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún un wò tí kò yí padà, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé e kiri tí ibì kankan ò dùn wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn rẹ̀, kó máa lò ó lójoojúmọ́, kó má ṣe dá a dúró torí pé ara ti yá. Ara yá torí pé ó ń lò ó ni. Ká sì fọwọ́ díẹ̀ mú iyọ̀ àti èròjà amọ́bẹ̀dùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù márùn-ún, kò ju bíi ṣíbí ìmutíì kan lọ, a sì ka èyí tó wà nínú èròjà ọbẹ̀ mọ́ ọn.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi. A ń san owó ìsọ̀, a kì í jẹ wọ́n. A fẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, tó lómi, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, tí kò jìnnà sí ìlà ata àti ìlà ẹran. Bí a bá rí ibi tọ̀ sí, a ó mu omi.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ìlà mọ àmì rọpárọsẹ̀, ká má tún ṣe irú èyí tí àwa ṣe. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé rọ, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn ńlá ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un lóògùn, torí ó lè gba ọ̀nà òdì lọ́fun. Ẹ wo aago tó bẹ̀rẹ̀, torí dókítà á bi yín. Àdúrà ṣe é gbà nínú ọkọ̀.

Ẹ̀kẹrin kò la owó lọ, kò la ìpàdé lọ. Bí ẹni tó jókòó tì wá bá sọ pé orí ń fọ́ òun, ká má rán ọmọ lọ ra oògùn mọ́, ká má sì kì í ní akin. Ká sọ fún un pé: "Ẹ dìde, ẹ lọ sílé, ẹ lọ yẹ ara yín wò. A ó bá yín tà á."

Ẹnì karùn-ún wa ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì bọ̀ sípò. Ó wá sọ́jà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń ta ata. Ó kà wá, ó rí i pé ẹnì kan dín. Ó béèrè ibi tó wà. A ní ọjọ́ tirẹ̀ ni, ó wà nílé, bóyá oorun ló ń sùn.

Ó mirí. Ó ní, "Ẹ má jí i o."

Ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ká sáré palẹ̀ mọ́. Ara á le, ajé á wọ igbá. Ó dọjọ́ ìpàdé o.